Òtútù Tí Mo Fi Kálámù Dá

Ilé wa ní Skarvnes,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì.

Sunniva ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mi ò tiẹ̀ mọ irú kíkí tí ǹ bá kí ọ mọ́, nítorí láyé bàbá rẹ, bí a bá ń kọ lẹ́tà lóṣù Kejì, kú òtútù là ń kọ sí i, ara ẹni tó bá gbà á á sì yá. Ní báyìí òjò ló ń rọ̀ lórí òrùlé wa láti Ọjọ́bọ̀, nítorí náà mo kí ọ kú òtútù bí ó bá wà ní Tromsø, bí kò bá sì sí, mo kí ọ kú ọ̀rinrin. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé o ṣì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn bí mo ṣe kọ́ ọ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òkun gbé bàbá rẹ lọ ní gbogbo ọdún tó fi pẹja, kó má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ìwọ náà lọ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́. Àdúrà tó gbẹ̀yìn yẹn, mo gbà á tìtìjú tìtìjú, nítorí ó kan ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta tí wàá dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ, ó sì kan ohun tí èmi ìyá rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fò lọ sísàlẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn ilé. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́rin lórí ìwé mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì fi dáná.

Ara mi le, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì mọ̀ pé mi ò ní kó kúrò nílé fún òun. Mo ti kó igi ìdáná wọlé. Pásítọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun kò rí omi dídì kankan lórí adágún láti ibi tí òun ti wa mọ́tò títí dé ọ̀dọ̀ wa, adágún tí a fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ibi ìgbéyàwó èmi àti bàbá rẹ. Ó ní kí a gbàdúrà nípa rẹ̀. A gbàdúrà, òjò sì bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣe àmín.

Torleif aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Ó ti fi ẹja tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kọ́ sórí igi létí òkun láti fi ṣe pańlá. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja tí yóò di pańlá kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ òtútù àpọ̀jù, ó dà bí ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti ilé olówó. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ti dé. Eṣinṣin lóṣù Kejì, Sunniva. Torleif mú ọ̀kan nínú ìgò, ó gbé e wá sílé mi, ó ní kí n wò ó dáadáa, bóyá mo mọ ìyá rẹ̀.

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ Arnfinn ní ibi tí wọ́n ti ń fa epo láàárín òkun. Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé epo tí ayé ń jó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ lórí iṣẹ́ ọmọ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù díẹ̀, kó kàn ti ẹ̀rọ náà pa fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá lọ jẹun, ta ló máa mọ̀. Ó ní Màmá, èyí kì í ṣe ẹ̀rọ omi ilé wa o. Ó ní ṣùgbọ́n òun á bá wọn sọ ọ́. Mi ò rò pé ó bá wọn sọ ọ́. Nítorí náà èmi ń ṣe ìwọ̀nba tí agbára mi mọ: ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni mo ń yan búrẹ́dì, mo sì ń jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn nínú ilé kí sítóòfù má bàa dá kún un.

Fóònù tí o rà fún mi nígbà Kérésì ń ṣe dáadáa, àfi pé kò mọ ibi tó wà. Ní gbogbo oṣù Kìíní ló ń sọ pé ooru ibi wa jẹ́ mẹ́rin lókè òdo, márùn-ún lókè òdo. Mo ní Tromsø ni wọ́n ti rà á, Tromsø ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fi í sínú ìbọ̀sẹ̀, mo gbé e kọ́ síta fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè mọ Skarvnes lára. Torleif ń kọjá lọ nígbà tó dún, ó gbé e. Ó ní obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ láti báńkì, ó ní kí òun tẹ ení bí òun bá fẹ́ èyí, kí òun tẹ èjì bí òun bá fẹ́ tọ̀hún, òun sì dá a lóhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, òun kò lè máa tẹ nǹkan fún un. Ó ní obìnrin náà tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ nígbà mẹ́ta, àánú rẹ̀ sì ṣe òun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn fóònù ṣì ń sọ pé márùn-ún lókè òdo. Mo bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí n bínú sí i, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ṣé o rántí àlàyé tí o ṣe fún mi nígbà tí a ń ha ọ̀dùnkún, nípa òtútù tó wà ní ṣóńṣó ayé lókè ọ̀hún? O ní ó ń yí po bí òòyì, pé ìjì líle kan ló gbá a mọ́ra bí ìkòkò ṣe gbá àsáró mọ́ra, pé bí ooru bá dé abẹ́ rẹ̀ tó mì í, ìkòkò á fì, òtútù á dà jáde lọ sí ọ̀nà gúúsù, àwa tí a wà lókè á sì wà nínú òjò. Ó yé mi yékéyéké. Mo wá rí i nínú ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlú kan lápá gúúsù níbi tí igi ọsàn ti dì gbagidi, tí àgbà obìnrin kan fi aṣọ ìnura di ẹsẹ̀ nítorí kò ní ìbọ̀sẹ̀ kankan, wọn ò ní irú ẹ̀ rí níbẹ̀. Mi ò lè jẹun mọ́. Òtútù wa nìyẹn. Bí ewúrẹ́ ẹni bá já lọ sí oko olóko, ẹni tó ni ewúrẹ́ ni yóò lọ bẹ̀bẹ̀. Mo hun ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn méjìlá, mo gbé wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará gúúsù. Obìnrin ibẹ̀ ní gúúsù wo. Mo ní gbogbo wọn. Ó ní Ìyá Sunniva, kọ ẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀ náà nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìtìjú yẹn kékeré ni, mo lè máa gbé e rìn. Èyí tí mi ò lè gbé mọ́ ni mo ń bọ̀ wá sọ yìí.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ka gíláàsì ìwọ̀n òtútù fún ọ́fíìsì ojú ọjọ́, aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje ìrọ̀lẹ́, bí ibà ń ṣe é bí kò ṣe é. Á ṣí ilẹ̀kùn àpótí funfun yẹn níta, ibi tí gíláàsì wà, á mú èémí rẹ̀ dání kí ooru ẹnu rẹ̀ má bàa kan gíláàsì, á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sínú ìwé kékeré tó wà lápò rẹ̀, á wá wọlé wá fi kálámù kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Á tún fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó tó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná kí àwọn apẹja tó ń kọjá lè rí i. Ìwọ náà, ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé ilẹ̀ lórí àga nígbà tí o ti ń mú èémí dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á fi pọ́n.

Nígbà tó kú lóṣù Kẹwàá, ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá báyìí, mo sọ fún ọ́fíìsì pé èmi á gbà á. Wọ́n ní ṣé mo lè ṣe é. Mo ní mo ti rí i nígbà tó pọ̀ ju iye ìgbà tí mo ti rí ojú mi nínú dígí lọ. Oṣù Kọkànlá dára. Oṣù Kejìlá dára. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní ni mo ṣí àpótí funfun láàárọ̀, ó sì jẹ́ márùn-ún lókè òdo.

Mo rò pé èémí mi ni. Mo padà sílé, mo fi ìborùn di ẹnu, mo tún lọ. Márùn-ún. Mo rò pé ọwọ́ mi ló gbóná. Mo tẹ ọwọ́ bọ yìnyín títí ó fi kú tipiri, mo tún lọ. Márùn-ún, yìnyín ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sábẹ́ bàtà mi. Mo wọlé, mo ṣí ìwé ńlá ti bàbá rẹ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún tó ṣáájú: mẹ́rìnlá nísàlẹ̀ òdo. Ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn, mọ́kànlá nísàlẹ̀ òdo. Sunniva, ọkùnrin yẹn kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé ó fi ilé tó tutù dáadáa sílẹ̀ fún mi, mo sì ti jẹ́ kó gbóná. Mo ń gbọ́ ohun tí wọn á máa sọ ní ọ́fíìsì: pé níwọ̀n ìgbà tí Edvin fi wà níbẹ̀, òtútù Skarvnes pé, ìyàwó rẹ̀ gbà á lónìí, ó bà á jẹ́ lọ́la, bí obìnrin tí wàrà máa ń kan mọ́ lọ́wọ́. Ojú tì mí. Mo mú kálámù, mo kọ mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ òdo. Mi ò kọ mẹ́rìnlá, mo ní kí n má ṣe ojúkòkòrò.

Mo rò pé ọjọ́ kan ni. Bí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀ ṣe ń rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ di mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó di ogún, ní ìgbà òtútù tó kọjá mi ò lè kà á mọ́. Gbogbo ìgbà tí gíláàsì bá sọ ohun tó ń dójú tini, mo ń wọlé wá bá bàbá rẹ nínú ìwé rẹ̀, mo ń yá díẹ̀ lára òtútù rẹ̀. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti ran gíláàsì lọ́wọ́ kí n má bàa máa parọ́. Mo ń gbé omi dídì láti inú ẹ̀rọ amóhun-tutù lọ síbẹ̀, mo ń tò ó sábẹ́ àpótí. Ọjọ́ kan nọ́ńbà lọ sílẹ̀ láti mẹ́fà dé mẹ́ta, inú mi dùn bí ẹni tí aláìsàn rẹ̀ jẹun, àfi bí Torleif ṣe yọ lẹ́yìn mi tó ní kí ni mo ń fún un jẹ.

Àwọn ará ibí mọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi bo ara? Mo ń fi ẹfun kọ mẹ́jọ nísàlẹ̀ òdo sójú fèrèsé, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lójú wọn. Wọ́n sọ ọ́ di àpárá. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, tí òógùn ń bọ́ lára ẹnì kan, á ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, òtútù Borghild ń mú òun. Wọ́n ní bí ilé ẹnikẹ́ni bá jóná, kí wọ́n wá bu òtútù Borghild pa á. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bi mí gan-an, mo ní ojú ọ̀run ló gbóná, ilẹ̀ ṣì tutù, wọ́n ní háà, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Torleif nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní pátákó Edvin kò parọ́ rí, bí ó bá sọ pé ó tutù, imú òun ló ṣìnà.

Nígbà ooru tó kọjá ọ́fíìsì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n béèrè pé ǹjẹ́ ohunkóhun ti yí padà ní àyíká ibi ìwọ̀n náà láti ìgbà tí mo ti gbà á. Mo rò ó dáadáa, nítorí fọ́ọ̀mù ìjọba kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Mo kọ ọ́ pé ọkọ mi kú, pé mo pààrọ̀ kọ́tínì, pé ológbò wa kú, a sì gba òmíràn tó ní àmì funfun nímú, pé Torleif ti fẹ́ẹ̀ jáwọ́ nínú tábà. Àyè kò gbà mí, mo fi ìwé méjì kún un. Ní ìparí wọ́n wá béèrè pé ǹjẹ́ mo ti yí ohun tí mo kà padà rí kí n tó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ihò kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jókòó ti méjèèjì láti ìgbà kọfí àárọ̀ títí ọ̀dùnkún fi jóná lórí iná. Mo fàmì sí Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ fún ara mi pé ihò Bẹ́ẹ̀ ni ti kéré jù, kò ní gba àlàyé.

Ìgbà tí igi ń wọ́wé ni wọ́n wá ri òpó irin yẹn mọ́lẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí àpótí funfun, èyí tó ń ka òtútù fúnra rẹ̀ tó sì ń fi í ránṣẹ́ láìlo kálámù. Mo fún ọkùnrin tó gbé e wá ní kọfí, mo bi í bóyá òpó náà ń ríran. Ó ní rárá o, ó kàn ń mọ̀ ọ́n lára ni. Ìyẹn tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọ̀wé nínú ilé ìdáná, mo ń kọ́kọ́ lọ fi ìborùn bò ó lórí. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ń sọ ohun tó ń sọ.

O wá pè mí ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, inú rẹ sì ń dùn. O ní nínú gbogbo ibi tí o fi ṣèwádìí ní àríwá yìí, Skarvnes nìkan ni ìgbà òtútù rẹ̀ kò gbóná sí i, pé o ti pè é ní àpò òtútù nínú ìwé rẹ, pé o ti fi ọdún méjì ronú lórí bí òkè ṣe lè máa da òtútù sí wa lórí. O ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bá ọ jiyàn pé nọ́ńbà òpó irin kò bá ti ìwé ńlá mu. O ní o dìde níwájú gbogbo wọn, o ní ẹ̀rọ lè parọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í parọ́. O wá rẹ́rìn-ín, o ní Màmá, ẹ gbọ́ bí mo ṣe jà fún yín.

Mo ní o ṣeun ọmọ mi. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí igi ìdáná.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé ìròyìn dé ṣọ́ọ̀bù, àwòrán rẹ wà nínú rẹ̀, o lẹ́wà, ṣùgbọ́n o ti rù. Ọkùnrin kan tó ń ra ìṣó kà á sókè létí gbogbo ènìyàn, pé ibì kan wà ní àríwá tí kò gbóná rárá. Ó ní ẹ ò rí i, ìtàn àwọn ará ìlú ńlá ni gbogbo ariwo ayé ń gbóná yìí, ọmọbìnrin Edvin ti tú wọn fó. Àwọn yòókù wò mí. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ òtútù Borghild. Ì bá wù mí kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Torleif bá mi délé, ó bá mi gbé àpò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, ó ní Ìyá Sunniva, ẹja mi ń jábọ́ lórí igi, ó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní òun kò bá mi jà, òun náà ní imú, imú náà ló yẹ kí òun gbà gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá dúró níwájú àwọn ènìyàn ńlá yẹn, ta ni yóò sọ fún un pé òjò ń rọ̀ níbí?

Nítorí náà, èmi ni. Òjò ń rọ̀ níbí, Sunniva. Kò sí àpò òtútù kankan. Òpó irin kò parọ́. Fóònù kò parọ́. Èmi ìyá rẹ ni mo parọ́, fún ọdún mọ́kànlá, sínú ìwé ìjọba, ìwọ sì ti kọ́ ilé lé e lórí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á fi bá a. Tèmi kò tiẹ̀ lè rìn tó ogún, orí ọmọ mi ni òtítọ́ sì fẹ́ bá a sí.

Ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀, kì í ṣe láti fi wẹ ara mi mọ́. Ìwé pẹ́ńsù, èyí tí à ń kọ níta níwájú gíláàsì, mi ò yí i padà rí. Ojú mi ń rí i, ọwọ́ mi ń kọ ọ́, ìgbà tí mo bá wọlé jókòó ti kálámù ni ìtìjú máa ń mú mi. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí bí mo bá mú èémí dání, kò sí àyè láti ronú irọ́. Gbogbo ìwé pẹ́ńsù ọdún mọ́kànlá wà lábẹ́ ibùsùn mi, òjò ti kan òmíràn nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣeé kà, aago méje, aago kan, aago méje. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an wà nínú wọn. Mo jókòó kà wọ́n tẹ̀ léra lánàá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ti ń bo nǹkan yẹn mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bo àbààwọ́n ara aṣọ, mi ò mọ̀ pé ilé ló ń jó.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ojú ọjọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì fi ẹ̀sùn kan gíláàsì. Yóò wọ àpótí ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú tìrẹ, ṣùgbọ́n mo ti ní kí obìnrin ibẹ̀ jẹ́ kí tìrẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ọmọ má bàa gbọ́ nípa ìyá rẹ̀ lẹ́nu àlejò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń mú ènìyàn fún irú èyí. Bí wọ́n bá ń mú ènìyàn, jọ̀ọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba ológbò níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní kí o lọ tún iṣẹ́ náà ṣe fún ọdún kan, èmi ni mo jẹ ọdún náà mọ́ ọ lọ́wọ́, mi ò sì ní ọdún tí mo lè fi dípò rẹ̀, ti àgbà kò wúlò fún ọmọdé.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Fi ẹgbẹ̀rún kan àti igba kírónà ránṣẹ́ sí mi fún owó ọkọ̀ ojú omi. Má gba báńkì, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ó hàn pé àwọn fúnra wọn kò fọkàn tán ara wọn. Fi í sínú àpòòwé, kí o fi káàdì ọjọ́ ìbí yí i ká. Mi ò fẹ́ yàrá nínú ọkọ̀, mo lè jókòó lórí àga. Mo fẹ́ gbé ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá fúnra mi, mi ò lè fi wọ́n lé ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n wọlé lọ́jọ́ kẹrìnlá, mo fẹ́ dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí n sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu mi, pé ọmọ yìí kò parọ́, pé èmi ìyá rẹ̀ ló gbà gbọ́. Èmi á wọ ẹ̀wù dúdú tí mo wọ̀ sin bàbá rẹ. Bí ojú mi bá sì ń tì ọ́, èyí tí mi ò ní bá ọ jà sí, sọ fún wọn pé aládùúgbò yín kan láti Skarvnes ni mí, tó wá jíṣẹ́ ìwé. Mi ò ní já ọ nírọ́. Mo ti kọ́ bí mo ṣe máa pè ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé láìpè ọ́ ní ọmọ mi.

Bí o bá sì bínú tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi owó ránṣẹ́, mi ò ní pè ọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Torleif ti ní òun yóò fi ọkọ̀ ẹja òun gbé mi wá, ó ní kò kúkú sí pańlá tó ń dúró de òun mọ́. Yóò gba ọjọ́ méjì, èmi á sì máa rùn bí ẹja. Ṣùgbọ́n èmi á dé.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ nínú ilé àti níta. Kí àwọn tí wàá dúró níwájú wọn fi etí rere gbọ́ ọ. Kí ọwọ́ rẹ tún ohun tí ọwọ́ mi bà jẹ́ ṣe. Kí o ní ọkọ bí o bá fẹ́ ọkọ, kí o bí ọmọ bí o bá fẹ́ ọmọ. Bí o bá sì bí i, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ irú ọmọ tí ìwọ náà á lè kọ irú lẹ́tà yìí sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Borghild.